Ẹ Má Torí Túbíìnì Ta Gbàgà

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ilé, Ìyá mi, ẹ kú ìrora orúnkún. Dàdá Filomẹ́nì, ẹ̀gbọ́n mi tó ń tajà ní Sakété, ẹ kú ọjà, ẹ kú eruku ọ̀nà. Kí n tó mú bírò, mo kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí pákó yàrá mi níbí nílẹ̀ òyìnbó, mo kọjú sí ibi tí mo rò pé ilé wà. Ilẹ̀ náà tutù. Mo pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀, torí kò sẹ́ni tó máa sọ pé kí n dìde. Ẹ bá mi sọ ọ́ nísinsìnyí, Bàbá. Ẹ ní kí n dìde, kí Ọlọ́run gbé mi dìde, kí n lè rí ẹnu sọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ẹ̀yin ni mo kọ lẹ́tà yìí sí, àmọ́ mo fẹ́ kí gbogbo ayé kà á, mo sì ti bẹ àwọn tó ń tẹ ìwé ìròyìn kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde bó ṣe rí. Ojú gbogbo èèyàn ni mo ti ṣe àṣìṣe mi. Ẹ rántí ohùn tí mo gbà sílẹ̀ sórí fóònù lóṣù tó kọjá, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn tó ń fún epo pupa ní Issaba ránṣẹ́ sí mi pé kí n gbà wọ́n nímọ̀ràn. Wọ́n fẹ́ kí iná máa tàn dáadáa, kí ẹ̀rọ tó ń fún epo sì máa ṣiṣẹ́. Wọ́n bi mí bóyá kí wọ́n tún Gbàgà, ẹ̀rọ Bàbá, ṣe, kí wọ́n ra àbúrò, ìyẹn ẹ̀rọ bíi tiẹ̀, fún un, àbí kí wọ́n ra túbíìnì kékeré kan tí oníṣòwò kan fi àwòrán rẹ̀ hàn wọ́n ní Cotonou.

Mo dáhùn. Háà, mo dáhùn o! Mo wú ikọ́ bí ọ̀gá àgbà kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní ayé ẹ̀rọ pisitọ́ọ̀nù bíi Gbàgà ti kọjá. Mo ní túbíìnì ni wọ́n ń lò níbi tí mo wà. Mo ní kí wọ́n ta Gbàgà fún àwọn tó ń ra irin, kí wọ́n fi ohun tí wọ́n bá rí níbẹ̀ kún owó túbíìnì. Dàdá sọ fún mi pé ohùn náà ń ti orí fóònù kan bọ́ sórí òmíràn, pé àwọn ọlọ́kọ̀ sémíjàn ní Pobè tẹ̀ ẹ́ gbọ́ nídìí alùpùpù wọn, pé àwọn Alàájì tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ rẹ̀ ní Sakété ń kí i kú oríire àbúrò. Ní ọjọ́ Àìkú tó máa parí oṣù yìí, lẹ́yìn ìsìn, ni ẹgbẹ́ máa pinnu. Wọ́n ní ẹ̀yin, Bàbá, ti sọ pé ẹ ò ní í di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, pé ohun tí ọmọ yín bá ti wí, abẹ ti gé e. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n lè jẹun.

Kí àwọn tí kò mọ ilé wa má bàa sọnù sínú ọ̀rọ̀ mi, Gbàgà ni ẹ̀rọ tó ń mu gásúálì, ìyẹn dísù, tí Bàbá mi fi ń lọ àgbàdo àti gbágùúdá ní Issaba láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi. Pisitọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ló ní, àmọ́ ó tóbi. Àwọn obìnrin ló sọ ọ́ lórúkọ nítorí ohùn rẹ̀: gbà-gà, gbà-gà, gbà-gà, láti àárọ̀ títí oòrùn fi máa wọ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, Bàbá á yọ bẹ́líìtì kúrò lára ẹ̀rọ ìlọ̀, á gbé e sára dínámò, iná á sì tàn ní agbo ilé wa, ní ṣọ́ọ̀ṣì, àti ní ilé agbẹ̀bí. Kò sí obìnrin tó ń gbé àgbàdo wá tí kì í gbé abọ́ omi kan dání. Omi Gbàgà là ń pè é. Wọ́n á kọ́kọ́ dà á sínú àgbá tó ń mú ẹ̀rọ náà tutù, wọ́n á kí Bàbá, kí wọ́n tó sọ ẹrù kalẹ̀. Bàbá kò fìgbà kan pàṣẹ rẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé á sáré lọ sídìí kànga fúnra rẹ̀ kó tó tò sórí ìlà. Nígbà tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, omi inú àgbá yẹn á ti gbóná, àwọn abiyamọ á bù ú lọ fi wẹ ọmọ, Ìyá mi á sì bu tiẹ̀ fi jó orúnkún.

Ó dáa. Bàbá, ẹ jókòó dáadáa.

Èmi kì í ṣe ẹnjiníà bí ẹ ṣe rò. Mi ò tiẹ̀ sún mọ́ ọn. Ilé iṣẹ́ iná tí mo máa ń dárúkọ lórí fóònù yẹn, ààtàn ni. Ààtàn ìlú. Ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ akólẹ̀ ń da ẹ̀gbin sí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí wọ́n á sì fi erùpẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbin yẹn máa ń jẹrà nínú ilẹ̀, á máa tú gáàsì jáde, páìpù á fa gáàsì náà wá sínú ilé kékeré kan, ibẹ̀ ni túbíìnì méjì ti ń fi í ṣe iná mànàmáná. Ilé kékeré yẹn ni mò ń ṣọ́. Mò ń gbá yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Mò ń pààrọ̀ asẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Mò ń kọ nọ́ńbà tó bá wà lójú ẹ̀rọ sínú ìwé, mo sì ń ṣa lailọ́ọ̀nù tí atẹ́gùn bá gbé lọ há sára ọgbà. Fìlà funfun líle tí mo dé nínú fọ́tò tí ẹ gbé kọ́ sí pálọ̀, fìlà ọ̀gá mi ni. Mo yá a fún ìṣẹ́jú kan. Tèmi kò funfun, àwọ̀ ọsàn ló ní.

Iṣẹ́ náà kò burú, wọ́n sì ń sanwó lásìkò. Òun ni mo fi ń san ilé, òun ni mo fi ń ra oògùn orúnkún ránṣẹ́. Àmọ́ báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé ọmọ tí gbogbo ìjọ gbààwẹ̀ fún títí ó fi wọ bàlúù, ààtàn ló lọ ń ṣọ́? Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bi mí pé kí ni mò ń ṣe, mo ní iṣẹ́ iná ni, ẹ sì yọ̀ débi pé mo gbọ́ tí ẹ ń pe àwọn ará ilé wá sídìí fóònù. Mo rò pé màá tún un sọ tó bá dọ̀la. Ọ̀la yẹn ti di ọdún mẹ́ta.

Ẹ máa ń béèrè pé òtútù ńkọ́, mo sì máa ń sọ pé ó ti mọ́ mi lára. Irọ́ ni ìyẹn náà. Òtútù ibí yìí kì í mọ́ọ̀yàn lára. Ó ń wọ eyín, ó ń wọ etí, omi ojú ń dì sára ìpéǹpéjú. Mo máa ń wọ ṣòkòtò mẹ́ta, Ìyá, ẹ má rẹ́rìn-ín. Oṣù márùn-ún gbáko ni gbogbo ilẹ̀ á fi funfun, tí mi ò ní í rí àwọ̀ erùpẹ̀ sójú. Ilẹ̀ pupa ilé wa yẹn, tí mo máa ń bínú pé ó ń ba aṣọ mi jẹ́, mo ń lá àlá rẹ̀ báyìí.

Síbẹ̀, mo lè sọ pé mo ń fara da òtútù. Dídá nìkan wà ni mi ò lè fara dà. Ọ̀gá mi, obìnrin kan tó ti ń dàgbà, máa ń wá ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Á bọ̀ mí lọ́wọ́, á bi mí bóyá gbogbo nǹkan ń lọ, á sì bá ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Faransé tó ń sọ kò jọ Faransé tí wọ́n fi nà wá ní lékóòlù, ilé ẹ̀kọ́ wa ní Pobè, rárá, ọdún kan ni mo fi ń mi orí sí ohun tí mi ò gbọ́. Tó bá ti lọ, ó di ọjọ́ Ajé mìíràn. Àwọn awakọ̀ akólẹ̀ kì í sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n ń jù sí mi láti inú gíláàsì. Àwọn ẹyẹ funfun kan tó ń jẹ ẹ̀gbin ló kù, wọ́n pọ̀ bí eṣú, ariwo wọn kò sì dùn.

Mo máa ń bá túbíìnì sọ̀rọ̀ ní Yorùbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé orí mi ti dàrú. Ṣebí gbogbo ayé ló ń kà á, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Mo máa ń dé ibẹ̀ láàárọ̀, màá ní ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú òtútù. Ohùn kan ṣoṣo ló ní, fííííí, kò lọ sókè, kò wálẹ̀. Bí mo wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa dún. Bí mi ò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo máa ń wọ aṣọ funfun wa nínú yàrá. Kò sí ìjọ wa nítòsí, ẹ sì mọ̀ pé a kì í wọ bàtà sí aṣọ yẹn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí yìnyín? Nítorí náà, mo máa ń dúró lójú fèrèsé láìwọ bàtà, màá kọ orin kan, màá kọ èkejì, màá dáhùn àmín fún àdúrà ara mi, màá sì bọ́ aṣọ náà, màá ká a padà sínú àpótí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, torí òun ni ẹgbẹ́ ń dúró dè. N kò fẹ́ purọ́ mọ́ túbíìnì. Kò ṣẹ̀ mí. Ẹ̀rọ tó dára ni, níbi tó bá ti bá a mu. Ẹ rántí ewé ọ̀pẹ tí a máa ń ká nígbà ọmọdé, tí a ń fi ẹ̀gún gún láàárín, tí a ń bá sáré kí atẹ́gùn lè máa yí i. Bí túbíìnì ṣe rí nìyẹn. Dípò atẹ́gùn, èéfín iná tó gbóná janjan ló ń fẹ́ ẹ, ó sì ń yára yí débi pé ojú kò lè rí i. Kò ní nǹkan púpọ̀ tó ń gbó lára. Èyí tí mò ń ṣọ́ kì í mu òróró, kì í mu omi, kì í gbọ̀n. Ó lè ṣiṣẹ́ láti òjò dé ẹ̀ẹ̀rùn láìsinmi, ó sì lè jó gáàsì tí kò dára tó, irú ti ààtàn wa. Pisitọ́ọ̀nù ní tiẹ̀, bí ọmọ odó ló ṣe ń lọ sókè sódò, iná ń tì í, ó ń padà wá. Ó ń gbọ̀n, ó ń pariwo, ó ń mu omi, ó ń mu òróró, ó sì ń fẹ́ kí èèyàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Nígbà tí mò ń gba ohùn yẹn sílẹ̀, gbogbo èyí ni mo kà sí ẹ̀bi pisitọ́ọ̀nù.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ohùn yẹn, Bàbá, ẹ pè mí. Ẹ bi mí nípa ara mi, ẹ bi mí nípa òtútù. Ẹ wá béèrè pé túbíìnì yìí, ta ló ń bu omi sí i. Mo rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run dárí jì mí, mo rẹ́rìn-ín sí yín létí. Mo ní kò sẹ́ni tó ń bu omi sí i, pé ọ̀làjú dé, pé ìyẹn gan-an ló fi dára ju Gbàgà lọ. Ẹ ní ó dáa, ẹ sì gbé fóònù fún Ìyá.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, túbíìnì méjèèjì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn ò wúkọ́, wọn ò sín, wọn ò fi nǹkan kan hàn mí tẹ́lẹ̀. Nọ́ńbà pupa kan ló jáde lójú wọn. Ìwé tó wà lára ògiri sọ pé tí nọ́ńbà yẹn bá jáde, kí n pe nọ́ńbà fóònù kan, kí n má sì fọwọ́ kan ohunkóhun. Mo pè. Ẹni tó gbé e ní ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe wà ní ìlú kan tó jìn, pé ọ̀nà ti dí nítorí yìnyín, pé òun kò lè sọ ọjọ́ tó máa dé. Mo béèrè pé kí ni kí n máa ṣe títí dìgbà yẹn. Ó ní kí n dúró.

Mo pe ọ̀gá mi. Ó ní ẹ̀rọ pisitọ́ọ̀nù àtijọ́ kan wà lẹ́yìn ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìgbà ìṣòro, pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti tàn án kẹ́yìn, bóyá màá lè gbìyànjú títí òun á fi rí ọ̀nà wá. Mo lọ ká rọ́bà tí wọ́n fi bò ó kúrò. Bàbá! Ṣe ni ara mi bù máṣọ. Ó tóbi ju Gbàgà lọ, pisitọ́ọ̀nù rẹ̀ pọ̀ ju ọ̀kan lọ, àmọ́ ẹbí ni wọ́n. Òórùn òróró yẹn kan náà ni. Mo yẹ òróró rẹ̀ wò bí ẹ ṣe kọ́ mi. Mo yẹ omi rẹ̀ wò, omi náà ti lọ sílẹ̀. Mo lọ gbé garawa omi aláwọ̀ ewé kan tí òtútù kì í mú dì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí mo ṣe ń bu omi yẹn ni ìbéèrè yín bọ́ sí mi lọ́kàn. Mo dúró, ike ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo sunkún lórí ẹ̀rọ tí kì í ṣe tiwa, Bàbá, ọkùnrin tó ti ní irùngbọ̀n.

Nígbà tí mo tàn án, ó kọ́kọ́ kọ̀. Ó wúkọ́. Mo tún un tàn. Ó gbá lẹ́ẹ̀kan, ó gbá lẹ́ẹ̀mejì, ó wá mú un. Gbogbo ilé náà ń gbọ̀n, yìnyín ń já bọ́ láti orí òrùlé, àwọn ẹyẹ burúkú yẹn fò lọ. Mo mú irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń tú ìdè, mo fi ẹnu rẹ̀ kan ara ẹ̀rọ, mo fi ìdí rẹ̀ sétí, bí ẹ ṣe máa ń ṣe sí Gbàgà láràárọ̀. Mo gbọ́ nǹkan kan tó ń ṣe tàkà-tàkà. Mo mọ̀ pé súpáàpù ni, ilẹ̀kùn kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọnú rẹ̀, pé ó ti dẹ̀. Mo pa á, mo fún un le níwọ̀n, mo tún un tàn. Tàkà-tàkà yẹn lọ. Ẹnikẹ́ni kò fún mi láṣẹ láti ṣe bẹ́ẹ̀ o. Àmọ́ ẹ̀rọ náà ló sọ ohun tó ń dùn ún, mo sì gbọ́ èdè rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀gá mi dé. Mo jókòó lórí garawa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, mò ń mu gàrí, òróró sì kún ọwọ́ mi. Ojú mi wálẹ̀, mo rò pé ó máa lé mi. Ó tẹ́tí sí ẹ̀rọ náà fún ìgbà díẹ̀, ó bi mí pé ta ló kọ́ mi. Mo ní bàbá mi ni. Ó wá garawa mìíràn, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó jókòó. Ó ní bàbá òun náà ṣiṣẹ́ nídìí irú rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń la pákó, pé gbogbo aṣọ bàbá òun ló ń rùn báyìí. A ò kúrò níbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Torí ẹ̀rọ náà nílò kí èèyàn máa wo omi rẹ̀ àti òróró rẹ̀, ó ń wá lójoojúmọ́, ó ń gbé kọfí wá. Awakọ̀ akólẹ̀ kan gbọ́ ariwo náà, òun náà sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ sí ooru ẹ̀rọ bí ẹni ń yáná. Mo sọ fún wọn nípa Issaba. Mo sọ fún wọn nípa omi Gbàgà. Ọdún mẹ́ta ni mo ti wà níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ yẹn nìkan ni mo ní ẹni tí mo bá jẹun.

Ẹni tó mọ túbíìnì tún ṣe dé nígbà tó yá. Ó so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ ọn, ó tẹ nǹkan díẹ̀, túbíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í ké fíííí. Kò wojú mi. Mo pa pisitọ́ọ̀nù, mo fi rọ́bà bò ó. Ọ̀gá mi bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní ó di ọjọ́ Ajé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ àwọn tó ń fún epo, ẹ gbọ́ ohun tó yẹ kí n ti sọ fún yín. Túbíìnì máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù. Òtútù tó ń pa mí yìí, òun ló ń dùn mọ́ ọn, mo máa ń rí i lójú ẹ̀rọ: bí òtútù bá ṣe ń mú, bẹ́ẹ̀ ni iná rẹ̀ ń lágbára. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ibí, tí kò tiẹ̀ gbóná tó tiwa, agbára rẹ̀ máa ń wálẹ̀. Iná ìgbà òtútù ni mo ṣèlérí fún yín, èmi aláìnírònú, fún Issaba tí oòrùn ń yan orí èèyàn! Ẹ tún wo eruku wa lásìkò ọyẹ́, tó ń wọnú ìkòkò tó ní ìdérí. Asẹ́ túbíìnì á dí, eruku á sì máa jẹ àwọn abẹ tó ń yí nínú rẹ̀. Ẹ wo iṣẹ́ yín náà: lónìí ẹyìn pọ̀, ẹ̀rọ ń gbé ẹrù wúwo, lọ́la kò sí nǹkan kan àfi gílóòbù mẹ́rin. Túbíìnì kì í fẹ́ iṣẹ́ tó ń lọ sókè sódò bẹ́ẹ̀, tí iṣẹ́ bá kéré, ṣe ló ń fi epo ṣòfò. Pisitọ́ọ̀nù kì í bínú sí ìyẹn. Fún ìwọ̀n epo kan náà, pisitọ́ọ̀nù tí ara rẹ̀ le á fún yín níná ju túbíìnì kékeré lọ. Tó bá sì bàjẹ́, ta ló máa wá? Gbàgà ní ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe ní Issaba, ó ní méjì ní Pobè, kódà ní Aguidi, èèyàn wà tó lè rọ irin rẹ̀. Túbíìnì yín ní tiẹ̀, nọ́ńbà pupa á jáde, wọ́n á ní kí ẹ dúró.

Ẹ tún Gbàgà ṣe. Ẹ ra òrùka pisitọ́ọ̀nù tuntun fún un, ẹ jẹ́ kí Bàbá yan àbúrò rẹ̀ fúnra wọn, torí wọn ò ní í fi ojú rà á, etí ni wọ́n á fi rà á. Èmi náà á dá sí i, láti inú owó ààtàn.

Dàdá, ẹ̀yin ni mo bẹ̀ pé kí ẹ ka lẹ́tà yìí sókè fún ẹgbẹ́ lọ́jọ́ Àìkú yẹn. Ẹ má fo ibi tí mo ti dárúkọ ààtàn. Mo mọ̀ pé àwọn kan á rẹ́rìn-ín, pé ojú á tì yín níwájú àwọn Alàájì yín. Ẹ dárí jì mí. Bàbá, tí ẹ bá fẹ́, ẹ gbé fọ́tò yẹn kúrò lára ògiri. Mo ti ní kí ọ̀gá mi ya òmíràn fún mi, èyí tí mo dé fìlà aláwọ̀ ọsàn, tí mo di ọwọ̀ ìgbálẹ̀ mú. Ẹ̀rín mi dùn nínú èyí ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ bá mi kí àwọn àgbà ìjọ. Ẹ kí àwọn abiyamọ tó ń bu omi gbígbóná. Ẹ kí ìyá agbẹ̀bí, ẹ kí gbogbo ará Issaba, ẹ kí ará Pobè àti Sakété tó gbọ́ ohùn mi, kí wọ́n gbọ́ lẹ́tà mi náà. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún mi, Bàbá. Etí yín kò ní í di. Orúnkún Ìyá á gbé wọn dé ibi tí wọ́n bá ń lọ. A ó fojú rinjú, ẹ̀yin ni ẹ máa fọwọ́ kan èjìká mi pé kí n dìde.

Ẹ bi mí pé ta ló ń bu omi sí túbíìnì, mo sì fi ẹ̀rín dá yín lóhùn. Mo ti rí ìdáhùn rẹ̀ báyìí. Kò sẹ́ni tó ń bu omi sí i, ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó ń wá. Tí ẹgbẹ́ bá fi Gbàgà sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí àwọn obìnrin tó dé, kí Ìyá bu abọ́ omi kan sínú àgbá, kí wọ́n ní ti Timoté nìyẹn. Ẹ ka èmi náà mọ́ àwọn tó wá.

Èmi ni ọmọ yín,
Timoté